Ọ̀rọ̀ Ìtàn Tí A Fi Ojú Rí

Ìtìjú ni ó kọ́ wa ní ohun tí a fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí, bí a bá sì bò ó mọ́ra, kò ní ṣe ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń kà wá ní àǹfààní kankan. Nítorí náà a ó sọ ọ́ bí ó ti rí.

Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí a ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn ilẹ̀ Yorùbá ní ilé-ìwé kan tí kò jìnnà sí Ìgbájọ. Ẹni tí ó bá mọ agbègbè náà yóò mọ̀ pé orí ilẹ̀ ogun gan-an ni àwọn ọmọ wọ̀nyí ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Àwọn òkè tí ó yí wa ká ni ó ń gba ìró ìbọn tí ó sì ń dá a padà nígbà ogun tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, tí àwọn jagunjagun kò sì tú ibùdó wọn ká títí di 1893. Láti inú ìró ìbọn náà ni ogun ọ̀hún ti gba orúkọ rẹ̀, Kírìjì. Nígbà tí a yọ ẹ̀kọ́ ìtàn kúrò nínú ètò ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní 2009, àwa wà lára àwọn tí ó kédàárò. Nígbà tí Ìjọba Àpapọ̀ sì tún gbé e kalẹ̀ ní 2022, inú wa dùn gidigidi. A rò nínú ara wa pé bí ẹ̀kọ́ náà bá ti padà sínú ìwé, yóò padà sínú àwọn ọmọ pẹ̀lú.

Ní ìparí sáà kan, a bi àwọn ọmọ ní ìbéèrè nínú ìdánwò pé: Kí ni a ń pè ní àjẹlẹ̀? Gbogbo kíláàsì ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á. Wọ́n kọ ọ́ pé àjẹlẹ̀ ni aṣojú tí ìlú alágbára fi sí ìlú tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ láti máa bójú tó o àti láti máa gba owó òde. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni a ti kọ ọ́ sí ara pátákó fún wọn, àwa náà sì ti dà á kọ láti inú ìwé àtijọ́ kan tí a ti lò nígbà tí a wà ní ọmọdé. A fún wọn ní máàkì wọn ní kíkún, a sì ń yangàn láàrín àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa.

Ní sáà kejì, ní ọjọ́ kan tí òjò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a kò lè gbọ́ ohùn ara wa lábẹ́ páànù, a fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní bébà kan a sì ní kí wọ́n ya àwòrán àjẹlẹ̀, kí ọwọ́ wọn má baà dilẹ̀. A kò ní èrò kankan ju èyíinì lọ. Nígbà tí a gba àwọn bébà náà, a rí sójà tí ó dé fìlà. A rí onílé tí ó ń gba owó ìyá ilé. A rí ọba tí ó dé adé ìlẹ̀kẹ̀. Ọmọkùnrin kan sì ya ọkùnrin kan tí ó lóṣòó sí ilẹ̀, tí ó ń fi ọwọ́ méjèèjì bu yẹ̀pẹ̀ sí ẹnu, tí igbá omi sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí ó lè rí i gbé mì.

Kí Ọlọ́run dárí jì wá, a rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé kì í ṣe ẹni tí ó ń jẹ ilẹ̀ ni?” A wo orúkọ ọmọ náà nínú ìwé máàkì wa, ọmọ kan náà yìí sì ti gba gbogbo máàkì tí ó wà lórí ọ̀rọ̀ àjẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú. Ẹ̀rín náà gbẹ lẹ́nu wa. Nígbà tí a tún rò ó dáadáa, a rí i pé ọmọ yìí tilẹ̀ sàn ju àwọn ìyókù lọ, nítorí òun nìkan ni ó gbìyànjú láti tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ bí àwọn baba wa ti ń ṣe. Àwọn tí ó kù kò béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ náà rárá. Ẹni tí ó fi gbólóhùn tí a há sórí rọ́pò ìmọ̀ ni àwa tí a dúró níwájú wọn.

Láti ọjọ́ náà ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọ̀rọ̀ ìtàn pẹ̀lú ohun tí ojú lè rí àti ohun tí ọwọ́ lè ṣe. A kì í ṣe ẹni àkọ́kọ́ tí yóò ronú rẹ̀. Àwọn baba wa tí kò mọ̀wé ti ń fi àrokò ránṣẹ́ sí ara wọn. Bí ará Ìjẹ̀bú kan bá di owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹẹ́fà náà ń sọ fún un pé ọkàn òun fà sí i, bí ó bá sì jẹ́ mẹ́jọ, ẹẹ́jọ ń sọ pé ọ̀rọ̀ wọn jọ. Ojú ni wọ́n fi ń ka ìwé wọn. Ṣùgbọ́n àwa tí a kàwé ni ó gbàgbé rẹ̀.

Ọ̀nà tí a gbà kò ṣòro, kò sì ní owó nínú. Ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò ṣẹ́ bébà rẹ̀ sí mẹ́rin. Ní igun kìíní ni yóò kọ ọ̀rọ̀ náà sí. Ní ìkejì ni yóò ya àwòrán rẹ̀, a kò sì gbà kí ó kọ lẹ́tà kankan sínú àwòrán náà. Ní ìkẹta ni yóò kọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe, èyíinì ni ohun tí ènìyàn lè ṣì í mú fún. Ní ìkẹrin ni yóò fi ọ̀rọ̀ náà sínú gbólóhùn tirẹ̀. Lẹ́yìn náà yóò bo igun kìíní mọ́lẹ̀, yóò sì fi àwòrán náà han ẹlòmíràn kí onítọ̀hún sọ ọ̀rọ̀ tí ó jẹ́. Igun kẹta ni ó máa ń le jù fún wọn, àwa fúnra wa sì ti dúró níwájú igun kẹta yìí rí tí a kò mọ ohun tí a ó kọ.

Ní ti àjẹlẹ̀, a mú àwọn ọmọ jáde sí ìta nígbà tí òjò dá. A fi eérú fa Ìbàdàn bí òbírí ńlá sí ilẹ̀, a sì fa àwọn ìlú Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì bí òbírí kéékèèké, àwọn ọmọ sì dúró nínú wọn. A fún ìlú kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀pà. A mú ọmọ kan láti inú òbírí Ìbàdàn, a sì fi í sí inú ìlú tí kì í ṣe tirẹ̀, a ní òun ni àjẹlẹ̀. Ìlú náà ni yóò bọ́ ọ, ìlú náà ni yóò bọ́ àwọn tí ó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn èyí ni yóò tó gba ti Ìbàdàn. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ìjà fi fẹ́ bẹ́ sílẹ̀ ní tòótọ́, nítorí àjẹlẹ̀ ti ń jẹ nínú ẹ̀pà náà kí ó tó fi èyí tí ó kù ránṣẹ́. A kò ní láti ṣàlàyé mọ́ fún ẹnikẹ́ni ìdí tí Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí fi dìde sí àjẹlẹ̀ Ìbàdàn ní 1878 tí ó sì pa á, tàbí ìdí tí àwọn ìlú wọ̀nyí fi parapọ̀. Ọmọ wa tí ó ya ajẹyẹ̀pẹ̀ sì kọ ọ́ sí igun kẹta rẹ̀ pé: “Kì í jẹ ilẹ̀. Ẹ̀pà wa ni ó jẹ.”

Ìlàrí kò gba àkókò púpọ̀. Ìránṣẹ́ Aláàfin ni, wọ́n a sì fá apá kan orí rẹ̀ kí wọ́n dá apá kejì sí. Bí àwọn ọmọ ti ya orí náà tí wọ́n sì kun apá kan ní dúdú, ọ̀rọ̀ náà ti sọ ara rẹ̀ di mímọ̀ fún wọn, orí tí a là. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a ní láti kìlọ̀ fún ọmọ méjì kí wọ́n má ṣe gbé abẹ sórí ara wọn nílé.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ owó ni ó dùn mọ́ wa jù. Ẹ̀yin òǹkàwé wa ti gbọ́ nínú ìròyìn orí rédíò pé ìjọba ná àádọ́ta ọ̀kẹ́ náírà báyìí báyìí, ẹ sì mọ̀ pé mílíọ̀nù kan ni wọ́n ń wí. Kí ni ọ̀kẹ́? Kò sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n nínú kíláàsì wa. Nítorí tí a kò lè rí owó ẹyọ púpọ̀ kó jọ, a rẹ àgbàdo sínú omi di ọjọ́ kejì títí abẹ́rẹ́ fi lè gún un, a sì ní kí àwọn ọmọ sín in bí àwọn ìyá ńlá wọn ti ń sín owó: ogójì ní okùn kan. Àádọ́ta okùn ni ẹgbàá, èyíinì ni ẹgbẹ̀rún méjì. Ọjọ́ méjì ni gbogbo kíláàsì fi sín ẹgbàá kan ṣoṣo, ìka sì ń dun olúkúlùkù. Nígbà tí a wá sọ fún wọn pé mẹ́wàá irú rẹ̀ ni wọ́n ń kó sínú àpò kan, àti pé àpò náà ni a ń pè ní ọ̀kẹ́, àti pé láti ara àpò yìí ni a ti rí orúkọ fún ọ̀kẹ́ kan tí í ṣe ẹgbàáwàá, wọ́n pariwo. Ọmọbìnrin kan ya àádọ́ta àpò sí ara páálí, wọ́n tò bí ìsọ̀ oníkóló, ó sì kọ sí igun kẹrin pé: “Ìjọba gbé àádọ́ta àpò jáde, ta ni ó rù wọ́n?” A fi ìbéèrè yìí sílẹ̀ fún àwọn tí ó yẹ kí ó dáhùn rẹ̀.

A kò ní tan yín jẹ pé gbogbo ọ̀rọ̀ ni ó gba àwòrán. Àdéhùn àlàáfíà tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án 1886, gbogbo àwọn ọmọ ni ó yà á bí ọkùnrin méjì tí ó bọ ara wọn lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni ogun náà kò tíì tán fún ọdún méje lẹ́yìn rẹ̀. Àwòrán tí ó dára lè pa irọ́. Èyí ni ó mú wa dé orí ìwọ̀fà.

Nígbà tí a ní kí wọ́n ya ìwọ̀fà, ó ju ìdajì wọn lọ tí ó ya ènìyàn tí a fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè ní ọrùn àti ní ẹsẹ̀. Inú fíìmù ni wọ́n ti rí i. A sọ fún wọn pé Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tí ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897 tí a kò sì tẹ̀ ẹ́ jáde títí di 1921, ti kọ ọ́ gbangba pé ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú. Ọmọ ìlú ni, a kò lè tà á, iṣẹ́ tí ó ń ṣe fún olówó ni èlé orí owó tí a yá. Ọ̀rọ̀ yìí wọ etí wọn, ó sì gba etí kejì jáde. Nítorí náà a mú ẹgbàá àgbàdo wa, a kó o sínú igbá kan lórí tábìlì, a ní owó tí bàbá kan yá ni. A yan ọmọ kan ní ìwọ̀fà. Ní ojoojúmọ́ fún ọjọ́ márùn-ún ó ń ro igun kan nínú oko ilé-ìwé fún olówó, nígbà tí ó bá sì ṣe tán a ó ṣí igbá, gbogbo kíláàsì yóò ka okùn rẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní, àádọ́ta. Ní ọjọ́ kejì, àádọ́ta. Ní ọjọ́ kẹta wọ́n ké pé, “Sà, kò dín!” Ní ọjọ́ karùn-ún ọmọ tí ó ń ro oko náà béèrè pé, “Ìgbà wo ni yóò wá tán?” A ní, ní ọjọ́ tí ẹni tí ó yá owó bá rí odindi ẹgbàá mìíràn san. Kíláàsì náà dákẹ́ jẹ́ẹ́.

A ní kí wọ́n lọ béèrè ọ̀rọ̀ náà nílé, kí wọ́n sì tún àwòrán yà. Níhìn-ín ni a ti tún ṣìṣe. Ọmọbìnrin kan mú èyí tí ó dára jù lọ wá: ọkùnrin kan tí ó ń ro oko olóko, kò sí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ní ara rẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ ni ilé kan wà tí olówó jókòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ pẹ̀lú igbá owó ní ẹsẹ̀. Ní igun kẹta ó kọ pé, “Kì í ṣe ẹrú.” Ní igun kẹrin ó kọ pé, “Bàbá ìyá àgbà mi ṣe ìwọ̀fà.” Inú wa dùn, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, a kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ọjọ́ Ajé ìyá ọmọ náà dé. Ó kí wa dáadáa, ṣùgbọ́n kò jókòó. Ó ní, “Tíṣà, ẹ bá mi yọ ìwé yẹn lára ògiri. Ìyá ọkọ mi kò tíì sọ ọ̀rọ̀ yìí létí ọkọ mi rí, ẹni tí ó bí nínú ara rẹ̀. Ọmọ ọdún méjìlá ni ó lọ sọ ọ́ fún, nítorí ó ní ilé-ìwé ni ó rán òun. Ẹ̀yin náà mọ ẹnu àwọn ọmọ. Bí ó bá di ọ̀la wọn yóò pè é ní ọmọ ìwọ̀fà, bí ó bá di ọ̀tunla yóò di ọmọ ẹrú.” A yọ bébà náà ní ojú rẹ̀, a sì bẹ̀ ẹ́. A kò mẹ́nu kan Johnson. Kì í ṣe irú ọ̀rọ̀ tí a ń fi ìwé dáhùn ni, nítorí gbogbo wa ni a mọ̀ pé wọ́n ṣì ń fi ènìyàn ṣe ìwọ̀fà ní àwọn ibì kan ní ilẹ̀ wa ní àárín ọdún 1920 sí 1939, àti pé ẹnu ayé kò tíì kúrò lára àwọn ilé mìíràn títí di òní.

A rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ìyá àgbà náà ránṣẹ́ pè wá. A mú bébà náà dání, nítorí a ti fi í pamọ́ sínú ìwé kan, ẹ̀rù sì ń bà wá díẹ̀. Ìyá náà ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ṣì ríran bí ó bá lo awò. Ó wo àwòrán náà pẹ́. Lẹ́yìn náà ó fi ìka kan ọkùnrin tí ó ń ro oko.

“Ta ni àgbàlagbà yìí?”

A ní, “Bàbá yín ni, Ìyá àgbà.”

Ó mi orí. “Bàbá mi kò tíì ga tó ọkọ́ yìí nígbà náà.”

Ó wá sọ fún wa pé bàbá rẹ̀ kò tó ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí bàbá tirẹ̀ yá owó láti fi sin òkú, tí ó sì fi ọmọ náà dúró. Ẹni tí ó bá dàgbà tí ó ṣe ìwọ̀fà yóò ṣiṣẹ́ olówó, yóò sì padà sí ilé ara rẹ̀; ṣùgbọ́n ọmọdé, ilé olówó ni yóò máa sùn. Ọdún mẹ́rin ni ó sùn níbẹ̀. Wọn kò lù ú ju bí wọ́n ti ń lu àwọn ọmọ tiwọn lọ, ó ń jẹun yó, ilé ìyá rẹ̀ kò sì jìnnà. Ìgbà ọdún nìkan ni ó ń rí ìyá rẹ̀. “Nígbà tí òun náà wá bímọ,” ìyá àgbà wí, “kò sí èyí tí ó sun ilé onílé rí nínú wa, títí kan ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó wà ní ìkejì ògiri. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, yóò dúró sí ẹnu ọ̀nà, yóò máa pè wá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. A rò pé ó rorò ni.”

Àwa tí a ti kọ́ni ní ìwọ̀fà pẹ̀lú igbá àti àgbàdo, a kò tilẹ̀ rántí láti fi ọmọdé sínú rẹ̀. Àwòrán tí a yìn tí a sì lẹ̀ mọ́ ògiri, ìdajì rẹ̀ ni ó jẹ́ òtítọ́.

Ìyá àgbà pe ìyàwó ọmọ rẹ̀ láti inú ilé, ó ní kí ó wá jókòó. Àwọn méjèèjì ni ó jọ sọ ọ́, a kò sì fi ọ̀rọ̀ kankan sí i: kí ọmọ náà tún un yà, kí ó ya ọmọdé, kí a lẹ̀ ẹ́ padà, ṣùgbọ́n kí a má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sí i. Nígbà tí a béèrè bóyá a lè kọ ọ̀rọ̀ náà sí ìwé ìròyìn, ìyá àgbà ní kí a kọ ọ́ bí a kò bá ní dárúkọ ìlú. Nítorí náà ni a kò fi dá a.

Àwòrán kejì ti wà lára ògiri báyìí. Ọmọdékùnrin kan ni, ẹ̀rúkọ́ rẹ̀ ga jù ú lọ, ilẹ̀ sì ti ń ṣú lẹ́yìn rẹ̀. Ní òkèèrè, ní igun bébà, obìnrin kékeré kan dúró ní ẹnu ọ̀nà ilé mìíràn. Ọmọbìnrin náà kò pa ohun tí ó ti kọ tẹ́lẹ̀ sí igun kẹta rẹ́, pé kì í ṣe ẹrú, ṣùgbọ́n ó fi pẹ́ńsù kọ ìlà kan kún un ní abẹ́ rẹ̀: “Kì í sì í ṣe àgbàlagbà nìkan.” Ní ọjọ́ tí a lẹ̀ ẹ́, ajẹyẹ̀pẹ̀ wa dúró síwájú rẹ̀ títí agogo fi lù, ó sì bi wá léèrè pé èwo nínú àwọn ilé méjèèjì ni ọmọ náà yóò sùn ní alẹ́ ọjọ́ yẹn.